Ta Ni Ó Ní Kí Eré Dúró Nígbà Tí Òjò Bá Dé?

Àwọn àgbà wa sọ pé òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́, ẹni tí òjò bá rí ni òjò ń pa. A kò jẹ́ bá àwọn àgbà jiyàn lórí òjò oko tàbí òjò ọjà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ká ènìyàn mọ́ orí pápá ìṣeré, ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjì máa gbá bọ́ọ̀lù, kí ọ̀kan ti jẹ ayò méjì, kí èkejì má tíì jẹ nǹkan kan, kí ojú ọ̀run wá ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn tó ń borí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè. Wọn yóò máa sọ fún ara wọn pé àrá yìí mà le o, àwọn ìyá wa yóò máa retí wa nílé. Àwọn tí a ń borí wọn kò rí ìkùukùu kankan ní tiwọn. Oòrùn ni wọ́n ń rí. Òjò kan náà ni, pápá kan náà sì ni, ṣùgbọ́n òjò náà ti ní ọ̀rẹ́.

Ní oṣù yìí, a fẹ́ ya kúrò lọ́dọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí á wo eré kan tí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ti jókòó ro ọ̀rọ̀ òjò jinlẹ̀. Bésíbọ́ọ̀lù ni eré náà. Ìbéèrè tí ó ń dà wá láàmú nínú rẹ̀ ni èyí: nígbà tí òjò bá dé láàárín eré, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́? Kí sì ni ó yẹ kí onítọ̀hún wò kí ó tó la ẹnu?

Bí ẹnìkan bá bi wá léèrè pé kí ni bésíbọ́ọ̀lù fi kan ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ọmọ Àjàṣẹ́, ìdáhùn wa kò jìnnà. Lára àwọn ìbátan wa tí wọ́n kó lẹ́rú la òkun kọjá, ọ̀pọ̀ ni ó gúnlẹ̀ sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Ìlú Matanzas wà lára àwọn ibi tí ìlù bàtá àti orin òrìṣà kò tíì pa run títí di òní. Ní Matanzas yìí kan náà ni pápá Palmar de Junco wà, níbi tí wọ́n ti gbá eré bésíbọ́ọ̀lù kan ní ọdún 1874 tí àwọn ará Kúbà kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn eré náà ní ilẹ̀ wọn. Pelota ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, òun sì ni eré tí tọmọdé tàgbà ń gbá ní erékùṣù náà. Nítorí náà, kì í ṣe eré àjèjì pátápátá ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Eré àwọn ìbátan tó jìnnà ni. Òfin rẹ̀ ni ó ti Amẹ́ríkà wá, ní Amẹ́ríkà sì ni àwọn ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà ní ṣókí. Ẹgbẹ́ méjì ni, ènìyàn 9 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan yóò fọ́n sí orí pápá láti ṣọ́ ọ. Èkejì yóò máa rán ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kùmọ̀ lọ́wọ́. Ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ pápá yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan sí oníkùmọ̀. Bí oníkùmọ̀ bá gbá a jìnnà, yóò sáré gba ibùdó mẹ́ta kọjá, yóò sì padà sí ibi tó ti gbéra, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tó bá délé ti jẹ ayò kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lé ènìyàn mẹ́ta jáde nínú àwọn oníkùmọ̀, wọn yóò pààrọ̀ ipò. Ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti di kùmọ̀ mú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni abala kan pé, abala 9 ni ó sì ń jẹ́ odindi eré. Àlejò ni ó máa ń kọ́kọ́ gbá nínú abala kọ̀ọ̀kan, onílé ni ó máa ń gbá kẹ́yìn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ di mú ṣinṣin nínú àlàyé yìí ni pé kò sí aago tí yóò dún pé eré ti parí. Ìṣẹ́jú 90 ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Bí òjò bá gba ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀, ọwọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ti gbà á. Bésíbọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Títò ni wọ́n ń tò, olúkúlùkù ní ìgbà tirẹ̀. Bí òjò bá já eré náà sí méjì, ó lè jẹ́ ìgbà ẹnìkan ni ó gbà, kí ti ẹnìkejì sì ti wọ àpò. Ó dà bí ìgbà tí a ń bu oúnjẹ fún ọmọ méjì láti inú ìkòkò kan, tí ẹnìkan wá gbé ìkòkò náà lọ nígbà tí a ti bù fún ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, tí àbúrò ṣì wà lórí ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ta ni yóò sọ fún àbúrò pé oúnjẹ ti tó?

Kì í ṣe gbogbo òjò ni ó ń dá bésíbọ́ọ̀lù dúró. Winniwinni lásán kì í lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí pápá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn sárésáré ń gbà láti ibùdó kan sí èkejì kì í ṣe koríko, erùpẹ̀ ni, erùpẹ̀ kì í sì í pẹ́ di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù dúró lórí òkìtì erùpẹ̀ kékeré kan ní àárín pápá, nǹkan bíi mítà 18 sí oníkùmọ̀, ó sì lè ju bọ́ọ̀lù náà ní ìwọ̀n kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti di ẹja tútù mú yóò mọ ohun tí bọ́ọ̀lù tó ti rin gbingbin lè ṣe ní ọwọ́ ènìyàn. Bí ó bá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, orí oníkùmọ̀ ni ó lè gbà lọ. Bí mànàmáná bá wá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ kì í tún ṣe ti àwọn eléré nìkan mọ́, ó ti kan gbogbo èrò ìwòran tó jókòó sí gbangba.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń tọ́jú aṣọ ọ̀rá fífẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ pápá, irú èyí tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù wa ń pè ní báàṣì, ṣùgbọ́n tó fẹ̀ débi pé ó lè bo gbogbo àyíká ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí adájọ́ eré bá ti gbé ọwọ́ sókè, àwọn òṣìṣẹ́ pápá yóò fi eré sí i, wọn yóò fà á bo ilẹ̀. Aṣọ náà kì í ṣe ohun ìṣeré o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, ní ìlú St. Louis, èyí tí ẹ̀rọ ń tì ní tirẹ̀ gun ẹsẹ̀ Vince Coleman mọ́lẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti jí ibùdó ní ìgbà 110 ní ọdún yẹn, èyí ni pé ó ti sáré dé ibùdó tó kàn kí àwọn alátakò tó rí i mú. Ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ń lé tí ọwọ́ wọn kò tó, aṣọ òjò mú un, kò sì kópa nínú àṣekágbá ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ìbéèrè wa. Ta ni ó ní àṣẹ? Òfin bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà pín àṣẹ náà sí méjì ní ọ̀nà tí ó wú wa lórí púpọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ onílé ni ó ń pinnu bóyá pápá dára tó láti gbá eré lé lórí, nítorí pé òun ni ó ni ilé, òun ni ó sì mọ ibi tí omi máa ń dúró sí nínú ọgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tí àwọn olórí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti fa ìwé orúkọ àwọn eléré wọn lé adájọ́ eré lọ́wọ́, àṣẹ ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ onílé. Adájọ́ eré nìkan ni ó lè ní kí eré dúró, òun nìkan ni ó lè ní kí ó tẹ̀síwájú, òun nìkan ni ó sì lè ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òdo sí òdo ni. Òjò kò tíì ní ọ̀rẹ́. Onílé lè fi òótọ́ inú wo ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí eré bá bẹ̀rẹ̀, onílé lè ti máa borí, ojú tí yóò sì fi máa wo ìkùukùu yóò ti yàtọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹran tó délẹ̀. Kódà, ní ìparí sáà, nígbà tí eré kan ṣoṣo lè yí ipò àwọn ẹgbẹ́ padà, àwọn aláṣẹ líìgì lè gba ìpinnu ti ìbẹ̀rẹ̀ náà lọ́wọ́ onílé. Ẹni tó kọ òfin yìí mọ ọmọ aráyé.

Adájọ́ fúnra rẹ̀ kò ní òmìnira láti kánjú. Lẹ́yìn tí ó bá ti ní kí eré dúró, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ó tó lè sọ pé eré ti parí, ó sì lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì gbàgbọ́ pé òjò lè dá. Bí eré bá ti dé abala 5 kí òjò tó lé wọn, wọ́n lè kà á sí odindi eré, kí ẹni tó ń borí gba iyì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ onílé ni ó ń borí, ìgbà tí àlejò bá ti gbá abala karùn-ún tirẹ̀ tán ti tó. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò pé, èrò ìwòran yóò sì lo apá tíkẹ́ẹ̀tì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti wọlé ní ọjọ́ mìíràn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà: ẹni tí wọ́n pè síbi àsè tí kò ráyè yóò ní òun gba “rain check”, pé kí wọ́n bá òun fi àyè òun pamọ́ di ọjọ́ mìíràn.

Ṣé ọmọ ènìyàn kò ní wá ọ̀nà yí òfin yìí po? Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1941, ní Washington, àwọn Senators tí wọ́n jẹ́ onílé ń borí àwọn Red Sox láti Boston pẹ̀lú ayò 6 sí 3. Eré ti dé abala kẹjọ nígbà tí òjò dé. Wọ́n retí pé kí àwọn òṣìṣẹ́ pápá sáré fa aṣọ bo ilẹ̀. Aṣọ kò dé. Ilẹ̀ mu omi yó, wọ́n sì ní eré kò lè tẹ̀síwájú mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn onílé ti borí. Àwọn Boston pẹjọ́. Will Harridge, tó jẹ́ ààrẹ American League nígbà náà, gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì yí ìdájọ́ padà pátápátá: ó fi eré náà fún àwọn Boston. A kò lè wo inú ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọjọ́ náà láti mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni wọ́n tàbí ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́. Òfin kò sì wo inú ọkàn wọn. Ohun tí ó wò ni pé onílé ni ó ni aṣọ, onílé ni yóò jèrè bí aṣọ kò bá dé, aṣọ kò sì dé.

Ẹ̀bi kejì ni pé kí á kọ̀ láti dá eré dúró nígbà tí ó yẹ. Èyí tí àwọn òpìtàn bésíbọ́ọ̀lù kò jẹ́ gbàgbé ni eré keje àṣekágbá ọdún 1925, ní Pittsburgh. Àwọn Senators ti Washington yìí kan náà ni, wọ́n ń kojú àwọn Pirates, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ti borí ní ìgbà mẹ́ta mẹ́ta. Òjò ti mú kí wọ́n sún eré náà síwájú ní ọjọ́ kan. Nígbà tí ó di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, òjò kò dá, ṣùgbọ́n wọ́n gbá a. Walter Johnson, ajubọ́ọ̀lù Washington, jẹ́ ẹni ọdún 37, ó sì wà lára àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ju jùlọ nínú ìtàn eré náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní ayò 4 kí ó tó ju bọ́ọ̀lù kankan. Ṣùgbọ́n òkìtì tó dúró lé di ẹrẹ̀, wọ́n ń da lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn gé sí i kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí nǹkan tẹ̀. Kùrukùru bo òpin pápá débi pé àwọn tó dúró níbẹ̀ dà bí òjìji. Ní abala kẹjọ, Kiki Cuyler gbá bọ́ọ̀lù kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà. Àwọn adájọ́ ní inú ni ó bọ́ sí, àwọn Senators ní ìta ni. Nínú kùrukùru yẹn, ta ni yóò jẹ́rìí? Pirates borí pẹ̀lú ayò 9 sí 7. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù Johnson ní àgbádáa ní ìgbà 15 lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè ní ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lóòótọ́ ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1974, ní Frankfurt, nínú ìdíje ife àgbáyé, òjò rọ̀ títí tí àwọn panápaná fi wá ń fa omi kúrò lórí pápá kí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn tó kojú Poland. Ọ̀mì ti tó fún Jámánì, ṣùgbọ́n Poland gbọ́dọ̀ borí, eré sísá sì ni agbára wọn. Bọ́ọ̀lù ń dúró sínú omi bí òkúta. Gerd Müller jẹ ayò kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ parí. Òjò rọ̀ lé ẹgbẹ́ méjèèjì lórí lọ́gbọọgba, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tí ń sáré ni omi máa ń dì.

Nísinsìnyí a dé orí ìtàn tí ó mú wa kọ gbogbo èyí. Philadelphia ni, ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2008. Àṣekágbá líìgì Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní World Series. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí nínú eré mẹ́rin ni ó ni ife. Àwọn Phillies, tí wọ́n jẹ́ onílé, ti borí nínú mẹ́ta, àwọn Rays láti Tampa Bay nínú ẹyọ kan. Ìṣẹ́gun kan ló kù. Philadelphia kò tíì gba ife yìí láti ọdún 1980, ẹ lè fojú inú wo bí ìlú náà ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Shane Victorino ti mú ayò 2 wálé fún wọn ní abala kìíní. Tampa dá ẹyọ kan padà ní abala kẹrin. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, otútù sì mú.

Abala karùn-ún parí, Phillies 2, Rays 1. Ẹ rántí òfin tí a sọ lókè. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin, eré ti pé. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n dúró ní ìṣẹ́jú náà, tí òjò kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn Phillies ni yóò gba ife àgbà, láìjẹ́ pé àwọn alátakò wọn di kùmọ̀ mú ní abala mẹ́rin tó kù. Omi ti dúró ní àyíká ibùdó. Òjò ti ní ọ̀rẹ́, gbogbo ìlú Philadelphia sì ni ọ̀rẹ́ náà.

Wọn kò dá a dúró. Àwọn Rays jáde wá gbá abala kẹfà. Wọ́n ti lé méjì jáde nígbà tí B. J. Upton dé ibùdó kìíní, ó sì sáré nínú ẹrẹ̀ lọ jí ibùdó kejì. Carlos Peña gbá bọ́ọ̀lù sí apá òsì, Upton sáré wálé. 2 sí 2. Nígbà tí ìdajì abala náà parí, adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, aṣọ bo ilẹ̀. Òjò kò dá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì dá lọ́jọ́ kejì. Ó di alẹ́ ọjọ́ 29 kí wọ́n tó padà sórí pápá, nǹkan bíi wákàtí 46 lẹ́yìn náà, láti parí eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn World Series.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kàyéfì pé ìgbà tí ayò dọ́gba gan-an ni àwọn adájọ́ rí i pé ilẹ̀ ti bàjẹ́. Bud Selig, tó jẹ́ olórí àgbà fún gbogbo líìgì, wá jáde sọ pé òun ti bá àwọn olórí ẹgbẹ́ méjèèjì sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò ní gba ife yìí nítorí òjò. Bí Phillies bá tilẹ̀ ń borí nígbà tí òjò dé, ó ní wọn yóò dúró di ìgbà tí ojú ọjọ́ bá dára, kí abala 9 lè pé.

Ìpinnu rẹ̀ tọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbé e gbà kò tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn èrò tó wà nínú òjò lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò mọ̀ nípa àdéhùn náà. Ìwé òfin tí gbogbo ayé ń kà sọ ohun mìíràn. Ká ní Peña kò gbá bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Ìwé ìbá sọ pé Phillies ti gba ife, olórí àgbà ìbá sọ pé wọn kò tíì gbà á, ìlú tó ti ń retí láti ọdún 28 ìbá sì jókòó sínú òjò láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Òtítọ́ tí a fi pamọ́ sínú yàrá kò yàtọ̀ sí ojúsàájú lójú ẹni tó wà níta. Àwọn aláṣẹ líìgì fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀: nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo eré tó bá wáyé lẹ́yìn sáà gbọ́dọ̀ parí, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù ní àsìkò ìsinmi ni a ń wò bí a ṣe ń kọ èyí. Òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fún adájọ́ eré ní agbára láti dá eré dúró, ó sì ní kí wọ́n tún eré tó bá já gbá, àyàfi bí òfin ìdíje náà tàbí àwọn tó ṣètò rẹ̀ bá sọ ohun mìíràn. “Àyàfi” yẹn ni ẹnu ọ̀nà tí ìjà máa ń gbà wọlé. Ṣé wọ́n ti kọ ọ́ síbì kan pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọn yóò dúró? Ṣé ayò tí wọ́n ti jẹ yóò dúró, àbí yóò di òdo? Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ igi máńgòrò, pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn àti àwọn alátìlẹ́yìn méjì tó ń pariwo, ni wọn yóò ti máa jíròrò èyí, kí wọ́n má retí pé ẹnikẹ́ni yóò sọ òótọ́ nípa ìkùukùu.

Síbẹ̀, òfin tó dára jùlọ pàápàá kò lè dá ohun gbogbo padà. Ìdádúró a máa ṣe àwọn kan láǹfààní: ní ọdún 2016, ní Cleveland, òjò ìṣẹ́jú 17 péré dé lẹ́yìn abala kẹsàn-án eré keje, àwọn Cubs láti Chicago lo àkókò náà láti kó ara wọn jọ sí yàrá kan, wọ́n sì jáde wá gba ife tí wọn kò rí gbà láti ọdún 1908. Ti Philadelphia kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkan. Cole Hamels, ajubọ́ọ̀lù tó dúró nínú òjò fún abala mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ 27, ṣì ní agbára láti tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n apá tó ti ju bọ́ọ̀lù báyẹn kì í tún ju lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ nílẹ̀ ní ọjọ́ 29, òun gan-an ni ó kàn láti di kùmọ̀ mú. Geoff Jenkins ni wọ́n rán jáde dípò rẹ̀. Jenkins gbá a dé ibùdó kejì, Jayson Werth sì gbá èyí tó mú un wálé. Rocco Baldelli gbá bọ́ọ̀lù fo ògiri pápá fún Tampa, ayò tún dọ́gba. Pedro Feliz sì mú ayò kẹrin wálé fún Philadelphia. 4 sí 3, ìlú náà gba ife rẹ̀. Hamels ni wọ́n yàn ní eléré tó tayọ jùlọ nínú àṣekágbá náà. Ó wo ìdajì eré tó kù láti ẹ̀gbẹ́ pápá.